Ọwọ́ Tí Odídẹrẹ́ Ń Sá Fún

Nínú ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ tó ń dúró de èrò ní gáréèjì Ìkòròdú ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin kan tó gbé odídẹrẹ́ sínú àgò lórí itan, àti ti ìyá àgbà tó ń jẹ ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mò ń gbé e lọ fún ẹni tó fẹ́ ẹ, Màmá. Tí mo bá ti nawọ́, á sá tàbí kó bù mí jẹ."

"Báwo lo ṣe ń nawọ́ sí i?"

Obìnrin náà ki ọwọ́ bọ àgò látòkè. Ẹyẹ náà figbe ta.

"Háà! Adìyẹ ọdún lo fẹ́ mú ni? Ohun tó bá tòkè wá, àṣá ni lójú ẹyẹ. Gba ẹ̀pà. Fi í sí àtẹ́lẹwọ́, kí o tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú àgò, kí o máa wo ibòmíràn."

"Títí dìgbà wo?"

"Ó yá ọ lára láti gbé e fún wọn?"

"Rárá, mà. Ẹyẹ ìyá mi tó kú ni. Ohùn wọn ló fi ń pè mí."

Ọkọ̀ gbéra. Títí a fi dé Ẹ̀pẹ́, ọwọ́ obìnrin náà wà nílẹ̀ àgò, ojú rẹ̀ wà ní fèrèsé.

Ìyàwó tèmi tó ti kú kò sin ẹyẹ kankan tí ì bá máa fi ohùn rẹ̀ pè mí. Èmi náà kọjú sí fèrèsé, mo ń retí ohùn ìyá obìnrin náà lẹ́nu ẹyẹ.