Ewé Òkun Nínú Ìkòkò Mi

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé kò sí níbí! Aṣọ ìyàwó ọmọ mi ni mo rí lórí okùn yín yẹn, èmi ni mo rán an, ṣé mi ò ní mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi ni? Ẹ jẹ́ kó wà nínú yàrá, kó tilẹ̀kùn mọ́rí, kó ṣáà máa gbọ́. Mi ò mu omi. Mi ò jókòó. Ó ti sunkún fún yín, àánú ẹ̀ ti ṣe yín, èmi wá di ìyá ọkọ burúkú. Ó dáa. Ẹ wá gbọ́ tèmi.

Ṣé èmi ni mo ní kó wá máa se oúnjẹ fún mi? Ọmọ mi ló ríṣẹ́ sínú ọkọ̀ ojú omi, òun ló ní kí ìyàwó òun wá máa gbé lọ́dọ̀ mi kí n má baà dá wà. Mo ní kò burú. Àfi bí ọbẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí etí òkun! Mo ní, “Ìyàwó mi, kí lo fi sí i?” Ó ní, “Màmá, ẹja ni.” Ẹja! Èmi tí mo ti ń jẹ ẹja kí wọ́n tó bí ìyá ẹ! Ẹja wo ló ń yọ̀ lẹ́nu bẹ́ẹ̀, tí kò ní egungun, tí kò ní ìpẹ́?

Kí n má purọ́, lákọ̀ọ́kọ́, ara mi fẹ́ ẹ. Ìgbẹ́ tó máa ń há mọ́ mi nídìí, tí mo máa ń jókòó ti í títí ẹsẹ̀ mi á fi kú, ó dẹ̀ wọ̀ọ̀. Mo tiẹ̀ tún máa ń bu ọbẹ̀ náà kún un. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ìgbà tó di oṣù kejì ni àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì. Mo jókòó jẹ́ẹ́ o! Mi ò sáré, mi ò gun àtẹ̀gùn. Mi ò rí oorun sùn mọ́, òógùn ń bò mí, mo ń rù. Ọwọ́ mi yìí, ẹ wò ó, ọwọ́ tó ti ń ránṣọ láti ọgbọ̀n ọdún, ó ń gbọ̀n débi pé mi ò lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Aṣọ ìgbéyàwó ọmọ tíṣà, ẹ rántí? Mo gé apá òsì kúrú ju apá ọ̀tún lọ! Tíṣà wo aṣọ, ó wò mí, ó ní, “Ìyá aránṣọ, ṣé ẹ ti ń mutí ni?” Èmi! Ṣe ló dà bíi kí ilẹ̀ lanu.

Ẹ̀yin náà, ẹ rò ó wò. Ta ló ń dáná? Ta ló ń sọ lójoojúmọ́ pé, “Màmá, ẹ má wọ kíṣìnnì, ẹ lọ sinmi”? Ìsinmi kí ni? Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Màá dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró láàárín iṣẹ́, màá yọ́ kẹ́lẹ́ lọ sẹ́yìn fèrèsé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni mo rí i tó fa agolo kan yọ lẹ́yìn àpò ìrẹsì, ó bu nǹkan dúdú kan tó kúnná jáde, ó dà á sínú ìkòkò mi, ó rò ó, ó sì dá agolo padà. Ẹ̀yìn àpò ìrẹsì! Bó bá jẹ́ oúnjẹ lóòótọ́, kí ló dé tí kò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀? Bó bá jẹ́ ẹ̀yin, kí lẹ máa rò? Ẹ sọ ọ́ ná. Ẹ̀n-ẹ́n.

Mo bu díẹ̀ sínú ọ̀rá, ó di ọ̀dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú gẹ̀gẹ̀ ọrùn mi. Mo ní, “Dókítà, májèlé rèé, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó kú.” Ó gbọ́ òórùn ẹ̀, ó béèrè irú iṣẹ́ tí ìyàwó ọmọ mi ń ṣe. Mo ní ibi tí wọ́n ti ń fọ ewé inú òkun ni, tí wọ́n ń sá a gbẹ, tí wọ́n ń dì í sínú páálí. Ṣe ni ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Ó ní kì í ṣe májèlé, oúnjẹ ni, pé àìmọye èèyàn ló ń jẹ ẹ́. Ó ní ohun tó ń jẹ́ kí inú èèyàn dẹ̀ wà nínú ẹ̀, iyọ̀ oríṣiríṣi wà nínú ẹ̀, ohun kan tí wọ́n ń pè ní ayodíìnì náà sì wà nínú ẹ̀, òun ni ẹ̀yà ara kékeré kan nínú ọrùn èèyàn ń lò. Ó ní díẹ̀ dáa, àmọ́ bó bá pọ̀ jù fún ọrùn tó ti ní gẹ̀gẹ̀ bíi tèmi, ẹ̀yà ara náà lè máa ṣiṣẹ́ àṣejù, kó máa lé ọkàn sáré. Ó gba ẹ̀jẹ̀ mi, àyẹ̀wò sì gbè é lẹ́sẹ̀. Ó ní n ò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án mọ́, ó fún mi lóògùn.

Mo délé, mo gbé agolo kalẹ̀ níwájú ẹ̀. Ó bú sẹ́kún! Ó ní òun gbọ́ tí mò ń sọ fún yín lórí fóònù pé gẹ̀gẹ̀ yìí ń dà mí láàmú, pé àwọn tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ ló ní ewé náà máa ń wò ó, pé òun mọ̀ pé tí òun bá sọ fún mi, mi ò ní jẹ ẹ́. Ẹ gbọ́ o! Ó mọ̀ pé mi ò ní jẹ ẹ́, ló ṣe ń fi bọ́ mi ní bòókẹ́lẹ́! Ó ní, “Màmá, inú ìkòkò kan náà ni èmi náà ti ń jẹ.” Mi ò gbà. Mo ní apààyàn ni. Bẹ́ẹ̀ ni, mo sọ ọ́, ẹnu mi ló ti jáde, òun ló fi palẹ̀ ẹrù mọ́ tó sá wá bá yín. Títí di báyìí, ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣì ń fura sí i! Ẹni tó lè parọ́ ẹja, kí ni kò lè parọ́ ẹ̀?

Àmọ́ nǹkan kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti àná. Inú ìkòkò kan náà, ó wí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, ìṣojú mi ló ti ń jẹ ẹ́, àwo ẹ̀ tiẹ̀ máa ń kún ju tèmi lọ. Oyún oṣù mẹ́rin sì ló wà nínú ẹ̀! Mo tún padà sọ́dọ̀ dókítà láàárọ̀ yìí, mo bi í. Ó ní bó bá pọ̀ jù, ó lè ṣàkóbá fún ọrùn ọmọ inú, kí n mú un wá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, pé ó ṣeé ṣe kó má sí nǹkan kan. Ó ṣeé ṣe! Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ fún èèyàn nìyẹn?

Ẹ má ní kí n rọra sọ̀rọ̀! Ìwọ tó o wà nínú yàrá, mo mọ̀ pé o lẹ etí mọ́ ilẹ̀kùn. Mi ò tíì dárí jì ẹ́. Mo fi Ọlọ́run búra, o ò tún ní dáná nílé mi àfi tí mo bá dúró tì ẹ́ gbagidi. Ìyẹn ṣì ń bọ̀. Ní báyìí, múra ká máa lọ, aago mẹ́rin ni dókítà máa ń tilẹ̀kùn, aago mẹ́ta sì ti kọjá.

Èmi kọ́ ni mò ń sunkún, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ojú mi sílẹ̀ jàre. Ẹ bá mi sọ fún un pé kó jáde!