Hóró Kòkó Tí Mo Pa Nínú Yàrá Òtútù

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́ kí ẹ̀rù tó tún dì mí lẹ́nu. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ péjọ síbí, ayọ̀ ló kún inú mi, nítorí Olúwa ti tú ahọ́n tí mo dè fún ọdún méje. Bàbá Olómi, àgbà òṣìṣẹ́ tí wọ́n lé kúrò nínú ọgbà irúgbìn yìí kò ṣẹ̀. Èmi, olùtọ́jú yàrá òtútù tí a ń kó irúgbìn gbígbẹ pamọ́ sí, ni mo ṣẹ̀.

Ẹ rántí àrùn tó pa kòkó àwọn àgbẹ̀ wa. Igi kan ṣoṣo ni kò mú. Nígbà tí ìjì wó o, ọgọ́rin hóró la rí yọ nínú èso rẹ̀, ọ̀gá sì fi wọ́n lé Bàbá lọ́wọ́. Bàbá kó wọn sínú báàfù kan, ó fi lẹ́búlẹ́bú pákó tó rin bò wọ́n. Mo bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé irúgbìn lẹ fẹ́ tọ́jú ni, àbí ẹ fẹ́ wẹ ọmọ tuntun?" Òun náà rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, àgbàdo rẹ lè sùn. Sá a gbẹ, gbé e sínú òtútù, yóò jí. Kòkó kì í sùn. Ó ń mí bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Bó bá gbẹ, ó kú. Bí òtútù bá mú un, ó kú." Ó lọ wá iyẹ̀pẹ̀ tí yóò fi gbìn wọ́n, ó sì lo ọjọ́ mẹ́ta. Kò pẹ́ tó lọ ni mo ṣí báàfù, mo rí i tí àwọn hóró kan ń yọ gbòǹgbò funfun. Èmi ọ̀mọ̀ràn, mo ní wọ́n ń jẹrà! Mo fi fáànù fẹ́ wọn gbẹ, mo kó wọn sínú yàrá òtútù mi tí ohunkóhun kì í bàjẹ́ sí. Lọ́jọ́ kẹta, mo la ọ̀kan: inú rẹ̀ dúdú, ó rọ̀ pẹ̀tẹ̀. Mo rẹ òmíràn sómi, àwọ̀ ara rẹ̀ sì jò síta. Gbogbo wọn ti kú.

Ǹ bá jẹ́wọ́! Ṣùgbọ́n mo dá wọn padà sínú báàfù, mo sì da garawa omi méjì lé wọn lórí. Nígbà tí Bàbá padà dé, ọ̀gá wo inú báàfù, ó pariwo: "Bàbá, ẹ ti rì wọ́n sómi kí ẹ tó lọ!" Bàbá yíjú sí mi. "Ọmọ mi, ìwọ lo wà níbí. Ṣé mo da omi sí i?" Ẹnu tí mo fi ń kọrin ìyìn ni mo fi dáhùn: "Ẹ dà á, Bàbá. Ẹ ti gbàgbé ni. Ogbó ti dé."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dé etí ìyàwó rẹ̀. Láti ìgbà náà ni kì í ti í jẹ́ kó tan sítóòfù, kì í jẹ́ kó dá jáde. Láàárọ̀ yìí mo kúnlẹ̀, mo sọ òtítọ́ fún Bàbá. Ó di ọwọ́ mi mú. "Ṣé orí mi pé? Ṣé lóòótọ́ ni?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Yára, lọ sọ fún ìyá àwọn ọmọ!"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí iṣẹ́ bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ ké jáde lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ foríjì mí. N kò lè dá igi yẹn padà. Màmá, ẹ̀yin tí ẹ jókòó síwájú níbẹ̀ yẹn, ọkọ yín kò gbàgbé nǹkan kan. Kí ẹ tó ro tèmi rárá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ó dá jáde lọ́la.