Èmi Ni Mo Tú Nọ́ọ̀tì Bíréèkì Ọkọ̀ Bàbá Mi

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí àyà mi tó tún já: Baba Sípánà mẹkáníìkì kò gbàgbé láti di nọ́ọ̀tì kankan. Èmi ni. Èmi tí ẹ ń rí pẹ̀lú bàtà gíga, tí ẹ ń pè ní ọmọ dáadáa, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi tú nọ́ọ̀tì bíréèkì ọkọ̀ bàbá mi, ìfẹ́ ló sì kó sí mi lórí tí mo fi ṣe é. Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń kọ èyí, torí ohun tí mo ti ń fi pamọ́ láti ọjọ́ yìí ti fẹ́ jáde.

Àwọn ìwé ìfẹ́ pẹlẹbẹ tí mo ń kà láti kékeré ló bà mí jẹ́. Nínú wọn, olólùfẹ́ kì í ṣàdédé wá. Táyà á kọ́kọ́ jò, òjò á rọ̀, ọmọkùnrin á wá yọ sí ọmọbìnrin. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ìbàdí ń dun bàbá mi, tó ní kí n bá òun wa ọkọ̀ akérò òun lọ síbi àyẹ̀wò tí ìjọba ti ń fún ọkọ̀ níwèé ẹ̀rí, tí mo sì rí ọ̀dọ́mọkùnrin tó jáde sí mi pẹ̀lú páálí funfun lábíyá, mo ti mọ̀ pé tèmi dé. Páálí ni àwọn awakọ̀ ń pè é. Bí ọkọ̀ bá ti dé, á tẹ́ páálí funfun sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, á ní kí wọ́n jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́, á sì dúró wo ohun tí yóò kán sí i. Tiwa kán. Ó ní, “Sísí, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wá wò ó.” A jọ bẹ̀rẹ̀, orí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ó ní dúdú yẹn, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni. Pupa, ti jíà. Aláwọ̀ ewé, omi rédíétọ̀. Ẹnu rẹ̀ ni mo ń wò, mi ò wo páálí. Lẹ́yìn náà ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó nawọ́ sí ike kékeré kan àti páìpù tó jáde nídìí rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Ó ní, “Ti bíréèkì nìyí. Tí èyí bá ń jò, ọkọ̀ náà ò ní kúrò lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó gbé e wá á jókòó tì mí títí wọn á fi tún un ṣe.” Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tí orí rẹ̀ pé á gbọ́ ewu nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi, “jókòó tì mí” nìkan ni mo gbọ́.

Baba Sípánà ni mẹkáníìkì wa, ọ̀rẹ́ bàbá mi láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ò tíì ní irùngbọ̀n. Ó pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì tí ọ́ìlì ń gbà jò, ó nu ẹ́ńjìnnì náà títí ó fi ń dán bí abọ́ tuntun. Dípò kí inú mi dùn, ńṣe ni mo ń rò ó pé bí ọkọ̀ yìí bá yege, kí ni n óò tún máa wá ṣe lọ́dọ̀ Páálí? Ni mo bá dúró ní kọ̀rọ̀ kí n tó dé ẹnu géètì ibi àyẹ̀wò, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo da ọ́ìlì ìdérí ìgò kan sí ìdí ẹ́ńjìnnì. Ọ́ìlì náà kán sórí páálí, ọmọkùnrin náà ní kí n lọ tún un ṣe kí n padà wá. Mo fò délé. Àṣé iná ni mo dá sáàárín ọ̀rẹ́ méjì. Bàbá mi sọ fún Baba Sípánà pé ẹnu nìkan ló kù tó fi ń ṣiṣẹ́. Òun náà dá a lóhùn pé ọ́ìlì tí òun ti rí láyé pọ̀ ju omi tí bàbá mi ti fi wẹ̀ lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dé ojú wọn. Ọkọ̀ tí ò níwèé ẹ̀rí ò lè kérò, bàbá mi wá ń jókòó níwájú ilé, àwọn oníbàárà rẹ̀ ń juwọ́ sí i láti inú ọkọ̀ ẹlòmíràn.

Baba Sípánà wá tún gbogbo nọ́ọ̀tì ọkọ̀ náà dì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní lọ́tẹ̀ yìí òun á bá ọkọ̀ náà dé ọ̀hún. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, bí àwọn méjèèjì ṣe ń mu tíì nínú ilé, mo yọ sípánà nínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, mo tú nọ́ọ̀tì páìpù bíréèkì yẹn. Díẹ̀ báyìí ni o, bí ìgbà téèyàn tú bọ́tìnnì ọrùn. Èrò mi ni pé èmi ni n óò wà á, n óò máa rọra lọ. Ni bàbá mi bá jáde, ó ní ìbàdí òun ti fúyẹ́, òun fúnra òun ló ń wà á. Ó yẹ kí n lahùn níbẹ̀. Ẹ̀yìn ni mo wọ̀, mo ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀nà ibi àyẹ̀wò yẹn da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. A dé àárín rẹ̀, bàbá mi tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé lọ pẹ̀rẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní, “Kò mú.” Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Baba Sípánà fi ọwọ́ méjèèjì di bíréèkì ọwọ́ mú, ó ń sọ fún bàbá mi pé kó fà á sí jíà kìíní, hóònù ń ké, géètì ń sáré bọ̀ wá bá wa, Páálí sì rèé níwájú, ó kúnlẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa, ó ń tẹ́ páálí rẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ kan. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ó bojú wẹ̀yìn, ó fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, a sì lọ kọ lu òkìtì táyà àlòkù lẹ́bàá ògiri. Mo gbọ́ ọ nígbà tí apá Baba Sípánà kán.

Páálí ló ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ní, “Nọ́ọ̀tì yìí ò le.” Gbogbo ojú yí sí Baba Sípánà. Ó di apá rẹ̀ mú, ó ní, “Mo dì í.” Bàbá mi sọ fún un pé kó má dé ilé òun mọ́. Ẹ má rò pé nọ́ọ̀tì tí mo tú ló burú jù. Èyí ló burú jù: Páálí di ọwọ́ mi mú, ó ń bi mí bóyá nǹkan ṣe mí, mo sì dákẹ́, torí ọwọ́ rẹ̀ móoru.

Ẹgbẹ́ mẹkáníìkì ti ṣọ́ọ̀bù Baba Sípánà pa. Ẹlòmíràn tún ọkọ̀ ṣe, ó yege, Páálí sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílé wa. Ìfẹ́ náà dùn o, mi ò ní purọ́. Ó ti ku díẹ̀ kí àwọn òbí rẹ̀ wá rí bàbá mi nígbà tí mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn kọjá. Baba Sípánà jókòó sórí táyà kan, ó so apá kan kọ́rùn, ó ń yí ọwọ́ kejì nínú afẹ́fẹ́ bí ẹni tó mú sípánà dání. Mo kí i. Ó ní, “Ọmọ mi, mò ń gbìyànjú láti rántí ni. Mo dì í, àbí mi ò dì í? Bóyá mo ti darúgbó jù fún iṣẹ́ yìí.” Orúnkún mi kanlẹ̀. Mo ní, “Bàbá, èmi ni.” Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó bi mí pé sípánà wo ni mo lò, mo sọ fún un. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Á jẹ́ pé mo dì í.” Omi bọ́ lójú rẹ̀. Mo ń bẹ̀ ẹ́, ó ní ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni òun fẹ́: gbogbo ẹni tó bá ti gbọ́ pé òun gbàgbé nọ́ọ̀tì, èmi ni kí n lọ sọ fún wọn.

Bàbá mi ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Kò nà mí. Ó wọ bàtà, ó gba ọ̀nà ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà mo sọ fún Páálí. Ó rọra fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi. Ó ní, “Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó o wá ni mo ti pe nọ́ńbà bàbá ẹ tó wà nínú ìwé ọkọ̀, mo ní ọmọ yín wù mí. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí ọkọ̀ àwọn kọ́kọ́ yege ná, kí aráyé má bàa sọ pé àwọn fi ọmọ ra ìwé ẹ̀rí.” Ó dìde. Mi ò tíì gbúròó rẹ̀ láti ìgbà náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ bíi tèmi, bí èèyàn bá wù yín, ẹ la ẹnu, ẹ sọ fún un. Ojú tó ń tì yín kò lè ṣẹ́ egungun ẹnikẹ́ni. Ní tèmi, mo ti dúró níwájú ẹgbẹ́ mẹkáníìkì, wọ́n ti ṣí ṣọ́ọ̀bù náà, apá Baba Sípánà sì ti jinná, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ò tíì padà. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, ẹ sì gbé ọkọ̀ yín padà lọ fún un. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ lójú yín pé ó gbàgbé nọ́ọ̀tì, ẹ ní rárá o, ọmọbìnrin tó tú u ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.