Ìdí Tí Tọ́tù Fi Ń Há

ÌYÁÀFIN JOHNSON: Hẹ́lò? Sàláwù, o kú iṣẹ́.

SÀLÁWÙ: Ẹ káàsán mà, Madam! Ilé ńkọ́? Bàbá ńkọ́? Àwọn ọmọ—

ÌYÁÀFIN JOHNSON: Àlàáfíà ni gbogbo wọn wà. Fara balẹ̀ kí o gbọ́ mi.

SÀLÁWÙ: Ẹ jọ̀ọ́ mà, lẹ́tà yẹn. Wọ́n ní ẹ ti kọ ọ́ pé kí n má fọwọ́ kan ọkọ̀ ilé iṣẹ́ bísíkíìtì yín mọ́. Ọkọ̀ mẹ́jọ, Madam! Iṣẹ́ yẹn nìkan ni mo—

ÌYÁÀFIN JOHNSON: Mo fọwọ́ sí i láàárọ̀ yìí. Tí ó bá di aago mẹ́ta, akọ̀wé yóò gbé e dé iwájú ọ̀gá àgbà. Ǹjẹ́ o mọ ibi tí mo wà báyìí?

SÀLÁWÙ: Rárá mà.

ÌYÁÀFIN JOHNSON: Etí gọ́tà, ní òpópónà Ọba Akran. Tọ́tù tí a fi ń fún ọkọ̀ níná tún há mọ́ mi lẹ́sẹ̀.

SÀLÁWÙ: Yéè! Kò ṣe yín ní nǹkan kan?

ÌYÁÀFIN JOHNSON: Ó rẹ̀ mí ni. Mo fi jíà sí free, mo tẹ bíréèkì, mo pa iná. [Fèrè ọkọ̀ ń ké.] Ṣé o gbọ́ mi?

SÀLÁWÙ: Ohùn yín ń já, ó ń já—

ÌYÁÀFIN JOHNSON: Ní ìgbà kìíní, o ní sípíríǹgì ti kú. O pààrọ̀ rẹ̀. Ní ìgbà kejì, o ní wáyà ti dípẹtà. O pààrọ̀ rẹ̀. Ní ìgbà kẹta, o ní ìdọ̀tí ló dí kábúrétọ̀. O fọ̀ ọ́. N kò wá mọ irọ́ tí ó kù.

SÀLÁWÙ: Mi ò purọ́! Láti ọdún tí àwọn sójà ti gbé ìjọba sílẹ̀ ni mo ti ń tún ọkọ̀ yín ṣe. Tí ẹ bá ti gbé e wá, màá wà á dé Agége, màá wà á padà. Kì í há!

ÌYÁÀFIN JOHNSON: Èmi nìkan ni ó wá kórìíra?

SÀLÁWÙ: Ẹ má bínú. Tọ́tù yẹn, ṣé ó ti gbéra nílẹ̀?

ÌYÁÀFIN JOHNSON: Ó ṣì wà nílẹ̀.

SÀLÁWÙ: Ẹ bá mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. [Irin ń dún.] Wáyà rẹ̀, ṣé ó dẹ̀ ni àbí ó le?

ÌYÁÀFIN JOHNSON: Ó le bí okùn tí ènìyàn ń fà.

SÀLÁWÙ: Ẹ̀n-ẹ́n! Tó bá jẹ́ wáyà tàbí sípíríǹgì ni, ì bá dẹ̀. Nǹkan kan ló di tọ́tù mú láti ìsàlẹ̀. Ẹ wo ibẹ̀.

ÌYÁÀFIN JOHNSON: [Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ń ṣí.] Kápẹ́ẹ̀tì ni.

SÀLÁWÙ: Kápẹ́ẹ̀tì wo? Rọ́bà ló wà nínú ọkọ̀ yín.

[Ìró kápẹ́ẹ̀tì tí a ń fà.]

SÀLÁWÙ: Madam? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ÌYÁÀFIN JOHNSON: Mo gbọ́. Ní ọjọ́ Àjíǹde, a tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tuntun sí iwájú pẹpẹ ní ìjọ wa. Mo gé ìyókù rẹ̀ sínú ọkọ̀. O mọ̀ pé a kì í wọ bàtà sí sùtánà, aṣọ àdúrà wa. N kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ tí ń lọ sí ilé mímọ́ máa tẹ rọ́bà ẹlẹ́gbin.

SÀLÁWÙ: Etí rẹ̀ ló ká mọ́ tọ́tù! Àmọ́ mi ò rí i rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ gbé ọkọ̀ wá o!

ÌYÁÀFIN JOHNSON: Mo máa ń ká a kúrò kí n tó wá.

SÀLÁWÙ: Nítorí kí ni?

ÌYÁÀFIN JOHNSON: Kí ẹsẹ̀ ẹ̀yin mẹkáníìkì tí ó kún fún ọ́ìlì má baà tẹ ohun pẹpẹ.

SÀLÁWÙ: [Ẹ̀rín tí kò dénú.] Ẹsẹ̀ mi. Ó dáa, Madam. Lẹ́tà yẹn wá ńkọ́?

ÌYÁÀFIN JOHNSON: Aago méjì àbọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni. Mò ń padà lọ gbà á lọ́wọ́ akọ̀wé.

SÀLÁWÙ: Hẹ́lò? Akọ̀wé ti gbé e lọ?

ÌYÁÀFIN JOHNSON: Mo ní màá gbà á padà. Ṣé o gbọ́ mi?

SÀLÁWÙ: Hẹ́lò? GSM burúkú! Madam, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n—

ÌYÁÀFIN JOHNSON: Sàláwù, má bẹ ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo jẹ̀bi. Jọ̀wọ́, má bínú. Ṣé o gbọ́ mi? Sàláwù?

[Fóònù já.]