Àgbò Tó Jẹ Páànù Yàrá Ìyá Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbé àwo oúnjẹ sílẹ̀ ná. Lọ́la ni mò ń lọ Mẹ́kà, ọ̀rọ̀ kan sì wà nínú mi tó wúwo ju àpótí mi lọ. Bí n kò bá sọ ọ́ kalẹ̀ níbí, ọkọ̀ òfurufú yẹn kò ní lè gbéra. Bàbá Ádámù, ọkọ mi, ẹ má tíì ṣàmín. Àhmádù tó ń mọlé, o ṣeun tí o jẹ́ ìpè mi. Ìyá mi, ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin gan-an ni mo ṣẹ̀ jù.

Ẹ rántí ọdún tí náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí pọ́n-ùn kò tíì kúrò lẹ́nu wa. Ọkọ mi fẹ́ fa yàrá alámọ̀ kan yọ lára ilé wa yìí ní Ṣàngó. Wọ́n pín owó sọ́nà mẹ́ta: ti iṣẹ́, ti páànù, ti oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́. Èmi ni wọ́n fi oúnjẹ lé lọ́wọ́. Mo bi wọ́n pé ta ni yóò máa sùn nínú yàrá náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́: "Ojú rẹ á rí i." Háà! Mo sáré gba ọ̀dọ̀ Àríkẹ́ ọ̀rẹ́ mi lọ. Ó pàtẹ́wọ́: "Hajarat, ṣé o ń sùn ni? Ọkùnrin ń mọ yàrá, ó tún ń rẹ́rìn-ín? Orogún rẹ ló ń bọ̀ yẹn!"

N kò jà. N kò sunkún. Mo dáná. Tùwó pẹ̀lú gbẹ̀gìrì láàárọ̀, wàrà díndín lọ́sàn-án, ẹran bí ẹni ń sọmọ lórúkọ. Ta ló yó bámúbámú tó lè ru amọ̀? Bí wọ́n bá ti fọwọ́ tán, abẹ́ igi máńgòrò ló kàn. Àhmádù, má rẹ́rìn-ín, ìwọ lo sanra débi pé àkàbà kọ̀ ọ́! Ọkọ mi á dé, á bá wọn níbi tí wọ́n ti ń hanrun, á ní, "Àwọn èèyàn yìí mà fẹ́ràn ilé wa o. Hajarat, Ọlọ́run á san án fún ẹ." Ó ń san án fún mi lónìí.

Síbẹ̀ náà, ògiri ń ga díẹ̀díẹ̀. Àhmádù fúnra rẹ̀ wá bá mi: "Ìyá Ádámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín ẹran kù. Òjò ti ń ṣú. Bí a kò bá kan páànù lọ́sẹ̀ yìí, ògiri yìí á padà di ẹrẹ̀." Òṣìṣẹ́ ń bẹ̀ mí pé kí n febi pa òun! Owó páànù wà lọ́wọ́ mi, torí ọ̀dọ̀ mi ni ọkọ mi fi pa mọ́ sí. Mo fi ra àgbò. Mo wá sọ fún ọkọ mi pé, "Àhmádù ló ní àwọn kò ní gun òrùlé láìpa àgbò." Irọ́ ni! Kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. A jẹ àgbò lọ́jọ́bọ̀. Òjò dé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ògiri rọra dùbúlẹ̀ bí àgbàlagbà tó rẹ̀. Ọkọ mi lé Àhmádù jáde, wọ́n pè é ní wọ̀bìà lójú gbogbo àdúgbò. Ó wò mí, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Èmi náà mirí: "Ayé ti bàjẹ́ o." Èmi! Ẹran àgbò kò tíì kúrò léyín mi.

Ìgbà náà ni ọkọ mi dúró nínú ẹrẹ̀, fìlà wọn rin gbindin, wọ́n ní, "Ìyá rẹ ni mo fẹ́ gbé wá síbẹ̀. Ojú wọn ti ń ṣú ní Òkè-Ọyi. Mo fi pa mọ́ kí àwọn ẹ̀gbọ́n mi má baà ní mò ń kó àna wọlé." Mo ní kí ilẹ̀ lanu. Ilẹ̀ kọ̀. Owó sì ti tán, yàrá náà kò dìde mọ́ títí dòní.

Àhmádù, foríjì mí. Ní ìrọ̀lẹ́ yìí ni n ó lọ láti ojúlé dé ojúlé, n ó sọ pé èmi ni wọ̀bìà. Bàbá Ádámù, mo rí i pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, Ọlọ́run má gba ẹ̀rín yẹn lẹ́nu yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin, bí owú bá gbá yín mú, ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kejì kí ẹ tó dáná.

Ìyá mi, ẹ̀yin kò rẹ́rìn-ín. Láti ọdún náà wá lẹ ti ń fọwọ́ wá ọ̀nà lára ògiri, tí èmi ọmọ yín sì jìnnà. Owó tí mo fẹ́ fi ra góòlù ní Mẹ́kà nìyí. Àhmádù, gbà á, páànù ni kí o kọ́kọ́ rà. Ní ti oúnjẹ, Bàbá Ádámù ni yóò máa sè é! Ìyá, n kò ní kí ẹ má bínú. Ẹ bínú bó ṣe wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá máa bínú náà nínú yàrá yín níbí, níbi tí n ó ti máa gbọ́ ohùn yín.