Dísìkì Keje Wà Lọ́dọ̀ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìkọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwé kẹrin ni mo ti kúrò nílé ìwé, Bíbélì ni mo fi mọ ìwé í kà dáadáa. Ohun kan wà nísàlẹ̀ àpótí aṣọ mi tí kò jẹ́ kí n lè wo ojú àwọn tí mò ń bá gbé. Ó ti tó ọdún mẹ́rin báyìí. N kò sọ ọ́ fún pásítọ̀, n kò sọ ọ́ fún ọmọ tí mo bí.

Ohun tó mú kí n sọ ọ́ nísinsìnyí ni pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní Ògèrè, mo pàdé ẹni tí mo ṣẹ̀. Ó bá mi gbé ẹrù. Ẹ ní sùúrù fún mi, màá dé ibẹ̀.

Obì ni mo ń tà ní Ṣàgámù láti ìgbà ọmọge mi. Ìjokù ni ilé wa. Nígbà tí ọkọ mi kú, tí òrùlé ilé náà sì wó, ọmọ mi obìnrin ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Olùkọ́ yunifásítì ni ọkọ rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fi ń sinmi nínú ìjọ wọn, èmi náà sì ń bá wọn lọ. Tí oòrùn bá ti wọ̀ lọ́jọ́ Fúráìdè, ọjọ́ ìsinmi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, títí oòrùn Sátidé fi máa wọ̀.

Bùsọ́lá ni ọmọ wọn. Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ló ń kọ́ ní yunifásítì nígbà náà. Ó ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Wálé, ará Ògèrè, tó ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fún àwọn olùkọ́. Orúkọ tí mo lò yìí kì í ṣe orúkọ wọn gan-an o.

Wálé ló mú géèmù kan wá sílé wa. Ọkọ̀ ni wọ́n ń wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe lójú títì. Òkè lọ́hùn-ún ni, láàrin ìràwọ̀. Wọ́n á ra ọjà níbì kan, wọ́n á lọ tà á níbòmíràn, àwọn ọlọ́ṣà á sì máa lé wọn lọ́nà. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, mo ní, “Iṣẹ́ tèmi náà kọ́ nìyẹn?” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Bùsọ́lá.

Ìlú òyìnbó ni géèmù náà ti wá, orúkọ òyìnbó ló sì kún inú rẹ̀. Àwọn méjèèjì wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àfikún sí i. Mọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè é. Bí ìgbà tí ènìyàn ra aṣọ tó sì tún fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ọnà sí i ni. Wọ́n ya ọkọ̀ tiwọn. Wọ́n yọ orúkọ òyìnbó kúrò lára àwọn ìlú inú ìràwọ̀, wọ́n fi Ofin, àdúgbò ọba ní Ṣàgámù, ṣe ibi tí ọba ń gbé, wọ́n sì fi Ìjokù sí ibi tí wọ́n ti ń ta obì, nítorí tèmi. Ògèrè ni Wálé ní kí gbogbo ọkọ̀ ti máa dúró.

“Torí pé ìlú yín ni,” Bùsọ́lá sọ fún un.

“Ìwọ sọ ibi tí tírélà ń dúró sí ju Ògèrè lọ láyé yìí,” Wálé ní. “Wọ́n á dúró níbẹ̀ lókè ọ̀hún náà. Wọ́n á jẹ búrẹ́dì.”

Wọ́n tilẹ̀ bi mí bí a ṣe ń tọ́jú obì tí kì í fi í bàjẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn Hausa. Mo sọ fún wọn pé ewé tútù la fi ń wé e sínú agbọ̀n, a kì í jẹ́ kí atẹ́gùn wọ ibẹ̀, torí tí obì bá ti gbẹ, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Wálé kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ rí.

Bàbá Bùsọ́lá ló ni kọ̀ǹpútà yẹn, inú rẹ̀ kò sì gba nǹkan púpọ̀. Tí wọ́n bá ṣe tán, wọ́n á da gbogbo iṣẹ́ wọn sínú dísìkì, ike pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kì bọ ẹnu kọ̀ǹpútà, wọ́n á pa á rẹ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà kí iṣẹ́ bàbá lè ráyè. Dísìkì méjìlá ni. Nọ́ńbà wà lára wọn. Tí wọ́n bá fẹ́ kì wọ́n bọ inú géèmù padà, ó ní bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ léra. Tí wọ́n bá fo ẹyọ kan, géèmù náà á kàn dákú ni.

Èmi ni mo ń tọ́jú dísìkì náà. Bàbá Bùsọ́lá ló ṣe òfin pé kí oòrùn Fúráìdè tó wọ̀, kí wọ́n kó wọn fún Màmá, kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn wọ́n lọ́jọ́ ìsinmi. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí oòrùn wọ̀, Wálé á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi.

“Ìyálójà ojú ọ̀run! Ẹ ṣí ìsọ̀ o!”

Èmi náà á jókòó tì wọ́n, màá máa mú un fún wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. “Ìkẹta, Màmá.” “Ìkẹta rè é, rọra.” N kò mọ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n mo mọ nọ́ńbà, mo sì mọ bí a ṣe ń to nǹkan.

Nígbà tí ọyẹ́ mú lọ́dún náà, gbogbo wọn lọ sí ìlú bàbá Bùsọ́lá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Orúnkún mi kò jẹ́ kí n lè bá wọn lọ. Bùsọ́lá kó dísìkì náà lé mi lọ́wọ́.

“Màmá, iṣẹ́ ọdún kan ló wà nínú èyí o. Ẹ má jẹ́ kí eruku kàn án. Ẹ má jẹ́ kí ooru mú un.”

Mo ní, “Máa lọ, kí o sì bọ̀. Ṣé èmi ni wàá kọ́ ní ìtọ́jú ọjà?”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí. N kò ní in lọ́kàn láti ba nǹkan ẹnikẹ́ni jẹ́. Ọyẹ́ ọdún náà le. Ètè mi ń là. Pátákó ilẹ̀kùn ń là. Eruku ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Mo yẹ àwọn dísìkì wò, mo rí i pé bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ wọn ti ń ká sókè. Mo ní wọ́n ń gbẹ. Mo ní wọ́n máa là.

Mo wá ṣe ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo já ewé gbòdògì tútù, mo fi wé wọn ní méjì méjì, mo tò wọ́n sínú agbọ̀n obì mi, mo tún fi ewé dí ẹnu rẹ̀, mo fi àpò lé e lórí. Mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọkàn mi balẹ̀.

Bí obì ni, ǹ bá máa ṣí i wò lóòrèkóòrè, kí n máa pààrọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n orúnkún ń dùn mí, n kò lè bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n dé ni mo tó fà á jáde. Ewé ti rà. Àwọn dísìkì náà ti bu, nǹkan funfun bí òwú wà lára wọn, ó sì wọ abẹ́ irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́nu wọn.

Mo fi aṣọ nù wọ́n, mo sá wọn síbi tí oòrùn kò sí. Nígbà tí mo ṣe tán, ènìyàn ò lè mọ̀. Àfi ìkeje. Ewé ti lẹ̀ mọ́ ọn pátápátá. Nígbà tí mo fà á, ó já, apá kan ṣẹ́ kù sára rẹ̀, iṣan ewé hàn gbangba lórí bébà tí Bùsọ́lá kọ nọ́ńbà sí. Ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ Ìyá olóbì ni. Mo wé e sínú ìró mi kan, mo fi sísàlẹ̀ àpótí. Mo ní màá wá nǹkan ṣe sí i tó bá yá.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, a jókòó bí a ṣe máa ń jókòó. Wálé ti Ògèrè wá. Mo mú ìkíní fún wọn. Kọ̀ǹpútà náà ń lọ̀ gìrìgìrì bí ẹni ń jẹ yanrìn. Kò kà á. Ìkejì, kò kà á. Bùsọ́lá ṣì ń gbà á lọ́wọ́ mi. Nígbà tó kan ìkeje, ó na ọwọ́, n kò ní nǹkan tí màá fi sí i.

“Màmá, ìkeje dà?”

Mo ní, “Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ni mo kó sílẹ̀ yìí.”

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Òun nìkan sì ni irọ́ tí mo fi ẹnu pa. Ohun tó ń dùn mí jù kọ́ nìyẹn.

Bàbá Bùsọ́lá wọlé. Ẹnu kọ̀ǹpútà ti bàjẹ́, kò gba dísìkì kankan mọ́, títí kan tirẹ̀. Ó bi mí pé, “Màmá, ta ló wọ ilé yìí nígbà tí a ò sí?”

Mo ní, “Wálé wá lẹ́ẹ̀kan.”

Òótọ́ ni. Ó wá mú irinṣẹ́ rẹ̀ tó gbàgbé. Mo tilẹ̀ fún un lómi mu. Òótọ́ yẹn ni mo jẹ́ kó dúró níbẹ̀, n kò fi nǹkan kan kún un.

Wálé dọ̀bálẹ̀. “Dádì, mi ò fọwọ́ kàn án. Kí ni màá fi ba iṣẹ́ ọwọ́ ara mi jẹ́ sí? Ẹ bi Màmá, àwọn ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀.”

Gbogbo wọn wò mí. Mo ní, “Èmi ò mọ kọ̀ǹpútà.”

Òótọ́ nìyẹn náà.

Bùsọ́lá ló sọ ọ̀rọ̀ tó kù. Ó ní àṣé Wálé fẹ́ máa dá nìkan pe géèmù náà ní tirẹ̀ ni, ló ṣe jí ìkeje tó sì ba ìyókù jẹ́ kí òun má baà rí nǹkan ṣe. Bàbá Bùsọ́lá búra pé ẹni tó ba iṣẹ́ ọmọ òun jẹ́ kò ní tẹ ẹnu ọ̀nà òun mọ́ títí ayé. Ó sọ fún àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n ṣọ́ra fún Wálé, pé olè ni. Wọn kò gbé kọ̀ǹpútà lọ fún un mọ́. Kò pẹ́ tó fi ti ṣọ́ọ̀bù náà pa.

Mo fẹ́ sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Lójoojúmọ́ ni mo ń sọ pé ọ̀la ni. Lẹ́yìn náà ni Bùsọ́lá jáde ìwé, ó gba iṣẹ́ sí Èkó. Kò fọwọ́ kan géèmù mọ́. Tí wọ́n bá dárúkọ Ògèrè, á dìde kúrò níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ kó obì díẹ̀, mo sì sọ̀ ní Ògèrè láti wọ ọkọ̀ mìíràn. Mo ń wo bí màá ṣe gbé agbọ̀n mi sọdá. Mo gbọ́ ohùn kan láàrin àwọn tó ń já ẹrù tírélà.

“Ìyálójà ojú ọ̀run!”

Wálé ni. Ó ti gbẹ. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi lẹ́bàá títì, ó sì gbé agbọ̀n náà lé orí. Agbọ̀n yẹn gan-an ni, ẹ̀yin èèyàn. N kò ní òmíràn. Ó rù ú títí dé ibi ọkọ̀, ó ń bi mí nípa orúnkún mi. Nígbà tó sọ ọ́ kalẹ̀, ó wò mí.

“Màmá, ẹ ṣáà mọ̀ mí. Ẹ̀yin ò gbà pé èmi ni, àbí?”

Mo ní, “Ọlọ́run mọ̀, ọkọ mi.”

Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní, “Ẹ ṣeun, Màmá. Ó tó mi bẹ́ẹ̀.” Ó yíjú sí dẹ́rẹ́bà. “Ẹ rọra wà á o. Ìyá mi lẹ gbé yẹn.”

Mo yọ dísìkì náà jáde láàárọ̀ yìí. Ewé ara rẹ̀ ti gbẹ, ó ti pọ́n bíi tábà. Mo gbé e síwájú mi bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ilé Ìjokù kò ní òrùlé. Ọkọ ọmọ mi ti búra, kì í sì í yẹ ìbúra rẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́, n kò mọ ibi tí màá gbé orí mi sí. Bí n kò bá sọ ọ́, ọmọ ọlọ́mọ ló ń fi èjìká san án lójú títì. Bùsọ́lá ń bọ̀ nílé ní ìparí oṣù tó ń bọ̀. Ṣé òun ni kí n kọ́kọ́ fi í lé lọ́wọ́ ni, àbí bàbá rẹ̀? Àbí Ògèrè ni kí n gbé e lọ? Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, ẹ bá mi dá sí i.

Mo ti yí orúkọ padà, ṣùgbọ́n n kò yí orúkọ tí Wálé ń pè mí padà. Mo mọ̀ pé bí bàbá Bùsọ́lá bá kà á, á mọ̀ pé èmi ni. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ìwọ náà lè mọ̀, ìwọ tí mo pè ní Wálé, bí ẹnì kan bá ka ìwé yìí sí ọ létí ní Ògèrè. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n dá ọ lóhùn lọ́jọ́ náà nìyí: ìwọ kọ́. Ìyálójà ni. Ìkeje wà lọ́dọ̀ mi.