Ojú Fóònù Àǹtí Ẹ̀rínọlá

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ Ọmọ Ọ̀tìn, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé fóònù sílẹ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti wà nínú mi láti oṣù méje sẹ́yìn, ó sì ń jẹ mí bí ikán ṣe ń jẹ igi. Bí mo bá jẹ́ kí òní kọjá, mi ò mọ̀ bóyá ìgboyà tí mo kó wá láti Ìkìrun tún máa padà wá. Ẹ mọ̀ mí. Olúwajùwọ́n ni mí, èmi ni mò ń tún fóònù ṣe nítòsí gáréèjì, èmi sì ni ọ̀gá ẹgbẹ́ yìí lónìí. Ipò ọ̀gá yẹn, mi ò jà á gbà. Mo jí i ni.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láàárín yín ò mọ ẹni tí mo jí i lọ́wọ́ rẹ̀. Àǹtí Ẹ̀rínọlá, ọ̀gá wa tẹ́lẹ̀, ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Inísà. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni wọ́n. Ọdún tí ọ̀kadà gbé wọn ṣubú tí ẹsẹ̀ wọn kán, tí wọ́n fi wà lórí ìbùsùn fún oṣù mẹ́ta, ni wọ́n kọ́ géèmù ìjà orí fóònù yìí. Kí ẹsẹ̀ yẹn tó san tán, kò sí oníidà tó lè dúró níwájú wọn mọ́. Àwọn ọmọ Òkukù tí wọ́n ń bá jà lórí ayélujára rò pé géńdé kan ni.

Ẹ mọ bí géèmù wa ṣe rí: èèyàn márùn-ún ń bá márùn-ún jà. Tafàtafà lè dúró lókèèrè, ṣùgbọ́n oníidà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọ̀tá kó tó lè lù ú. Bó bá yan ọ̀tá tí kò yẹ, ikú òfo ló kú. Bí èmi ṣe rí nìyẹn nígbà tí mo dé. Màá kàn tẹ bọ́tìnnì ìjà ni, fóònù á bá mi mú ẹni tó súnmọ́ mi jù, ìyẹn òmìrán tó gbé asà. Màá wá máa ṣá a bí ẹni ń fi abẹ gé ìrókò, títí ọfà á fi pa mí síbẹ̀.

Àǹtí ní kí n wá sílé àwọn ní Sátidé kan. Wọ́n to ọsàn márùn-ún sórí tábìlì, wọ́n ní èwo ni n ó kọ́kọ́ kọlù. Mo nawọ́ sí èyí tó tóbi níwájú. Wọ́n gbá ọwọ́ mi.

“Jùwọ́n, kì í ṣe ẹni tó súnmọ́ ẹ lo máa lù. Wo ẹ̀yìn. Ta ló ń wo àwọn yòókù sàn?”

Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí fóònù bá mi yan ọ̀tá mọ́, kí n máa fi ìka ara mi kan orúkọ rẹ̀ ní etí ọ̀tún ojú fóònù. Wọ́n kọ́ mi kí n máa gba ẹ̀gbẹ́ lọ, kí n ní sùúrù kí òmìrán fi agbára rẹ̀ ṣòfò, kí n má lé ẹni tó bá ń sá. Wọ́n ní bí mo bá ti yan ẹnì kan, kí n pe orúkọ rẹ̀ sókè kí àwa márààrún lè dà bò ó. Bí mo bá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún, wọ́n á ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún, ohùn wọn ò ní yí padà. Mi ò tíì rí olùkọ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Mo sì mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni ìlara ti wọlé. Nígbà tí ìdíje Òkukù dé, tí ẹni tó bá borí máa lọ díje ní Òṣogbo, oníidà kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ wa lè lò. Gbogbo wa ní Àǹtí ni. Èmi náà fi ẹnu sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ìdíje ku ọjọ́ mẹ́ta, fóònù Àǹtí já bọ́, ojú rẹ̀ fọ́. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n gbé e wá. Ojú fóònù méjì ló wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Ọ̀kan jẹ́ tuntun. Èkejì, mo ti yọ ọ́ lára fóònù ẹlòmíràn nítorí pé etí ọ̀tún rẹ̀ ò gbọ́ràn: bó o bá fọwọ́ kan ibí, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ló máa dáhùn. Èèyàn lè fi pe ìpè fún oṣù kan kó má mọ̀. Èyí ni mo fi sí i. Ẹnikẹ́ni ò rán mi, mi ò sì ní di ẹ̀bi rẹ̀ ru èṣù. Àárọ̀ ọjọ́ ìdíje ni mo tó gbé e fún wọn, mo ní ọjà pẹ́ kó tó dé láti Òṣogbo. Wọ́n gbàdúrà fún mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀, ẹ rántí. Àǹtí pe oníṣègùn, wọ́n fọwọ́ kàn án, idà wọn sì kọjú sí òmìrán. Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ń wo ìka wọn. Ibi tó yẹ gan-an ló ń bà. A pàdánù ìjà àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta. Dúpẹ́olúwa tó ń ta ọfà fún wa ní ká sinmi díẹ̀, Àǹtí sì gbé fóònù wá bá mi.

“Jùwọ́n, bá mi wò ó. Oníṣègùn ni mo fọwọ́ kàn, òmìrán ló ń mú.”

Mo gbà á, mo yí i síbí, mo yí i sọ́hùn-ún, mo ṣe bí ẹni ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ìkà ni ohun tí mo ṣe ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n gbólóhùn tó tẹ̀ lé e yìí burú jù ú lọ.

“Fóònù ò ṣe nǹkan kan, Àǹtí. Bóyá ojú yín ni.”

Wọ́n bọ́ ẹ̀wù ẹgbẹ́, wọ́n gbé e fún mi. Wọ́n wá jókòó sẹ́yìn mi, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí mi létí: “Oníṣègùn, lápá òsì. Má lé e. Dúró. Ó yá.” A borí nínú ìjà méjì tó kù. Ẹ gbé mi sókè. Ojú Àǹtí ni mo fi jà, ẹ ò mọ̀. Àwọn gan-an ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò fọwọ́ kan géèmù mọ́, ẹ sì fi mí jọ̀gá dípò wọn. Mo rò pé ó ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo pàdé wọn ní Inísà pẹ̀lú àpòòwé lọ́wọ́. Lẹ́tà pé àwọn ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní dókítà sọ pé ojú àwọn dá ṣáṣá, àmọ́ ọkàn àwọn ò balẹ̀.

Wọ́n ní, “Ìwọ lo mọ fóònù, o sì yẹ̀ ẹ́ wò. Bí mo bá ń fọwọ́ kan nǹkan tí mi ò mọ̀ pé mo ṣì í, mo lè ṣi ọmọ ọlọ́mọ lọ́nà.”

Mo dọ̀bálẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní ká lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi, kí n pààrọ̀ ojú fóònù náà níṣojú àwọn. Wọ́n ṣí géèmù, wọ́n fọwọ́ kan oníṣègùn. Ó mú un. Wọ́n tún fọwọ́ kàn án, ó tún mú un. Ìgbà náà ni omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n fa lẹ́tà yẹn ya, wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n kí n lọ sọ fún gbogbo ẹni tó rí àwọn lọ́jọ́ náà.

Ẹ dárí jì mí. Mo fi ipò ọ̀gá sílẹ̀. Ẹ mọ ẹni tó ni ín. Dámilọ́lá, Tóbi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kéré jù níbí, bí ẹnì kan bá kọ́ yín ní ohun tó mọ̀ láìfi ìkankan pamọ́, tí ọkàn yín wá ń sọ fún yín pé ẹni yẹn ló dí yín lọ́nà, ẹ tètè sọ ọ́ síta kí ọwọ́ yín tó ṣe nǹkan. Èmi ò sọ.

Àǹtí wà níta. Wọ́n ní àwọn ò ní wọlé títí n ó fi sọ̀rọ̀ tán. Mo ti sọ tán. Kí ẹnì kan bá mi ṣílẹ̀kùn.